Èsì wa sí ẹ̀gbọ́n tó fún wa ní ìràwọ̀ 2 nítorí ẹ́ńjìnnì 500E

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ nípa wa. Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ẹ ní láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn tí a ti gbé ẹ́ńjìnnì V8 tọ́kúnbọ̀ sínú Benz 500E yín, ó ń dún tá-tá-tá láàárọ̀, ó ń wúkọ́ bí òjò bá ti rọ̀, ó ń mu bẹntiróòlù jù, owó tí ẹ sì ti ná lé e lórí ti ju ìdajì iye tí ẹ fi rà á lọ. Ẹ tún ní èmi ni mo fọwọ́ sọ̀yà pé Benz ò ṣe ẹ́ńjìnnì tó le tó èyí rí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, n ò sì ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Ariwo àárọ̀ yẹn, ẹ̀bi tèmi ni. Ní Sátidé tí ẹ gbé e wá, ẹ rí bí mo ṣe fi ẹnu sùkúrúdíráfà gígùn lé ẹ́ńjìnnì, tí mo fi ìdí rẹ̀ sétí. Apá ọ̀tún dákẹ́, apá òsì ń ṣe kí-kí-kí bí aago. Nígbà tí a ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, mo fọwọ́ kan ọ̀kan nínú àwọn rọ́bà líle kéékèèké tó di páìpù ọ́ìlì mú lókè kámúṣáàfù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì), etí rẹ̀ sì rún mọ́ mi lọ́wọ́ bíi kókóró. Páìpù yẹn ló ń bu ọ́ìlì fún kámúṣáàfù. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti sán, ọ́ìlì á máa dànù lójú ọ̀nà, ebi á sì máa pa lífítà, irin kéékèèké tó wà láàárín kámúṣáàfù àti fáàfù, títí díẹ̀ á fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ariwo ebi ni ẹ ń gbọ́.

Gbogbo ẹni tó bá ń tú M119, irú ẹ́ńjìnnì yìí, ló mọ àrùn yìí, èmi náà mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí n ti pààrọ̀ wọn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì wà nílẹ̀, tí kò ní ju iṣẹ́ wákàtí mélòó kan lọ. Ẹ ń kánjú ìgbéyàwó Ọ̀yẹ́, èmi náà bá yín kánjú, mo gbé e sínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Owó ọjà àti owó iṣẹ́, tèmi ni méjèèjì. Ohun tó wà lẹ́nu mi ní Sátidé nìyẹn kí ẹ tó ní ká dé e padà, tí ẹ ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ gbàgà.

Ti òjò ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Dísítíríbútọ̀ méjì, tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì, ni ẹ́ńjìnnì yìí ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan níwájú orí ẹ́ńjìnnì lápá kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn fáànù gan-an. Bí omi bá wọ abẹ́ ìdérí wọn, iná á ṣìnà. Mo tú ti apá ọ̀tún, mo rí ìlà dúdú tín-ín-rín kan nínú rẹ̀ bí irun orí, ibẹ̀ ni iná ń gbà sá lọ. Mo sì rí ọṣẹ tó gbẹ funfun lára wáyà plọ́ọ̀gì. Òjò kì í lo ọṣẹ, ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ ló fi ẹ̀rọ fọ́n omi sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìdérí dísítíríbútọ̀ 2 àti rótọ̀ 2 (èyí tó ń yí nínú rẹ̀) tuntun wà nínú ìwé tí mo kọ fún yín lọ́jọ́ kìíní, nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ ní kí n ṣì máa lo ti àtijọ́ ná.

Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe lórí wáyà ẹ́ńjìnnì. Láàárín 1992 sí 1995, Benz lo irú awọ wáyà kan tí wọ́n ṣe kó lè jẹrà bí wọ́n bá jù ú nù. Kò dúró kí wọ́n jù ú nù kó tó bẹ̀rẹ̀. Ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ti tó o. Ọkọ̀ yín jẹ́ ti 1993, wáyà àtijọ́ yẹn la sì tún tẹ́ sórí ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nítorí ẹ ní owó tuntun tó ra ewúrẹ́ mẹ́ta. Bí ẹ bá ká a díẹ̀, awọ rẹ̀ á bọ́, bàbà á kan bàbà, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á wá máa gbọ́ irọ́. Èyí tó lọ sí ọ̀nà ìmí ẹ́ńjìnnì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ wá rà á. Nínú ohun tí mo ti rí, ìyẹn nìkan ni mo máa gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ yín, pẹ̀lú ìdérí àti rótọ̀ yẹn.

Àwọn kan ti wá ń sọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ yín pé ọkọ̀ tó ṣọ̀wọ́n ni, pé ohun èlò rẹ̀ ò sí. Ọkọ̀ náà ṣọ̀wọ́n lóòótọ́: 10,479 péré ni wọ́n ṣe láti 1990 sí 1995, Porsche ló sì bá Benz tò ó. L'Ájílósùn, V-boot lásán ni wọ́n ń pè é. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ṣọ̀wọ́n. Òun náà ló wà nínú S500 àti 500SL ìgbà yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń rí nǹkan rẹ̀ ní Ládípọ̀. Ara ọkọ̀ ni kí ẹ ṣọ́, pàápàá mọ́gáàdì tó fẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó ọ̀wọ́n lórí plọ́ọ̀gì ń rẹ́ yín jẹ.

Ìdí tí mo fi ní ó le: ṣéènì tó ń yí kámúṣáàfù rẹ̀, onílà méjì ni, ìdílé ẹ́ńjìnnì yìí ló sì gba ìdíje ọkọ̀ Le Mans 1989 nínú ọkọ̀ eré-ìje Sauber C9, lẹ́yìn tí wọ́n fi turbo méjì kún un. Ọ̀tá rẹ̀ ni ooru. Alumíníọ́mù ni ara rẹ̀, sílíńdà rẹ̀ ò ní sílíìfù irin, ẹni tó ń bọ́ọ̀ (gbẹ́) sílíńdà V-boot yòókù ò lè bá a ṣe é. Omi kànga lásán tí ẹ rọ sínú rẹdíétọ̀ ló pa ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n. Mo ti fi omi aláwọ̀ (kúláǹtì) sínú èyí. Ẹ má bù mọ́ ọn láti inú jálá.

Lítà 8 ni ọ́ìlì rẹ̀, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi 5 sí i kó ní ó ti kún. Ti bẹntiróòlù, n ò ní èsì. Agbára ẹṣin tó lé ní 300 kò lè máa mu bíi Micra.

Ẹ gbé e wá ní Wẹ́sidé, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ má sì sáré bọ̀. Kó sùn sọ́dọ̀ wa kó tutù pátápátá, kí àwa àti ẹ̀yin jọ gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárọ̀ Tọ́sidé. Bí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì bá wà ní ṣíṣí, n ó wo rọ́bà tó ń tọ́ ṣéènì lókè. Bó bá ti gbẹ, ẹ ra ọjà, ẹ má san owó iṣẹ́. Ìràwọ̀ 2 yẹn, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má fọ̀ ọ́ wá.