Owó tréèdì fíà yìí ti sú mi o

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi nìkan ni? Gbogbo ìgbà tí mo bá gbààyè ní tréèdì fíà l'Ékòó, mítà 3 sí 3 péré o, iye tí wọ́n bá pè kọ́ ni mo máa ń san. Wọ́n á ní tábìlì ò sí nínú ẹ̀, àga ò sí, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí mo fẹ́ fi tan gílóòbù sórí àdìrẹ mi, owó ọ̀tọ̀ ni, kápẹ́ńtà á gba tiẹ̀, àwọn tó ń ru ẹrù ní géètì á gba tiwọn. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, pákó tí mo fowó ara mi rà, wọ́n ní kí n tún sanwó kí wọ́n tó bá mi kó o dànù. Pákó mi o! Àwọn oníbàárà ní tiwọn kàn ń fọwọ́ pa aṣọ lásán ni, wọ́n á ní, "màmá, ó rẹwà gan-an, ẹ fún wa ní káàdì yín".