Ìjọ Mímọ́ ti Orí Òkè Tútù

Ìjọ àwọn tí ò lè fi Windows àtijọ́ sílẹ̀ ni mò ń wí; ẹ ti rí àsíá wọn rí. Òkè kékeré kan tí koríko bò, ojú ọ̀run búlúù, ìkùukùu funfun díẹ̀: àwòrán ojú kọ̀ǹpútà tó bá ń lo Windows XP, ètò tí ilé iṣẹ́ Microsoft ṣe lọ́dún 2001 láti máa darí kọ̀ǹpútà. Charles O'Rear ló yà á lẹ́bàá títì ní Sonoma, California, lọ́dún 1996. Wọ́n ti gbin àjàrà bo òkè náà báyìí. Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn onítẹ̀wé ní Ṣómólú, koríko ṣì tutù minimini, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Mo mọ alàgbà ìjọ kan níbẹ̀. Wọ́n ti tú ìhà kan lára kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ kí ooru lè ráyè jáde. Fáànù kan ṣoṣo tó wà ní ṣọ́ọ̀bù dojú kọ inú rẹ̀, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń làágùn. CorelDRAW 12, ètò ìyàwòrán àtijọ́ kan, ló fi ń ṣe káàdì ìgbéyàwó, òun náà ló fi ń ṣe pósítà olóṣèlú àti ìwé ètò ìsìnkú. Oníbàárà mú flash wá, fáìlì ò ṣí. "Docx lo gbé wá, ti Word tuntun nìyẹn. Lọ sefu ẹ̀ sí 97-2003, ti àtijọ́." Oníbàárà lọ, ó bọ̀. Flash tó wọlé láìsàn ti jáde pẹ̀lú àrùn, gbogbo fódà inú rẹ̀ ti di shortcut, àmì lásán. "Fáírọ́ọ̀sì ti wà nínú flash ẹ tẹ́lẹ̀," ni ọ̀gá wí, ó sì gba owó rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kúkú bá yín fi Windows tuntun sí i."

"Tuntun wo? Èyí tí ò já mi kulẹ̀ rí! Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, nǹkan tuntun ló ń pa yín." Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ojú kọ̀ǹpútà di búlúù. Ó nawọ́ sí bọ́tìnnì, ó tún un tàn, kò dá ìwàásù dúró.

Fóònù ọwọ́ ọ̀gá yìí kan náà ńkọ́? Èyí tó jáde kẹ́yìn ni, kámẹ́rà mẹ́ta gbáko. Ó ti lọ fi ti èṣí ṣe swap ní Computer Village n'Ìkẹjà. Aṣọ ẹbí Sátidé tó kọjá ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé e lọ sóde Sátidé yìí, káwọn èèyàn má baà rí i. Windows ọdún 2001 nìkan ni ò lè bọ́ lára wọn. Ṣé ẹ rí i, kò sí ẹni tó ń yẹ Windows ẹni wò lóde ìnáwó.

Wọ́n ní ìfẹ́ ló so àwọn mọ́ ọn. Ìfẹ́ tí ò náni ní kọ́bọ̀! CD tí wọ́n fi máákà kọ "XP SP3" sí lára ni púpọ̀ nínú wọn fi gbé e wọlé. Bẹ́ ẹ bá bá wọn jiyàn, wọ́n á ní Navy Amẹ́ríkà pàápàá lo XP. Òótọ́ ni. Microsoft ṣíwọ́ àtúnṣe XP ní oṣù kẹrin ọdún 2014. Ní 2015, Navy náà tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn tó lé ní mílíọ̀nù 9 dọ́là kí wọ́n ṣáà lè máa rí àtúnṣe gbà. Ọ̀gá tiwa ò tíì sanwó anti-virus rí.

Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì WannaCry jà ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, tó ti fáìlì àwọn èèyàn pa ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150, táwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Britain ń dá aláìsàn padà, ìjọ jẹ́rìí. Windows 7 ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kó o. XP ní tirẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ńṣe ló kàn ń dákú kí àrùn tó ráyè wọlé. Wọ́n ní iṣẹ́ ìyanu ni.

Microsoft náà ò mọ́ o. Ta ló rán wọn láti yọ bọ́tìnnì Start kúrò nínú Windows 8 lọ́dún 2012, tí àgbàlagbà fi ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa kọ̀ǹpútà kiri? Windows 11 tún dé, ó ní bí kò bá sí TPM 2.0, ohun ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà, òun ò wọlé. Ká má tíì sọ ti dátà tí àtúnṣe kan ń jẹ.

Ìjọ ti ya sí ẹ̀ka báyìí. Àwọn ti Windows 7 ń pe àwọn ti XP ní ará oko, bẹ́ẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2020 ni tiwọn náà ti kú. Àwọn ti Windows 10 ló dùn mọ́ mi jù. Lọ́dún 2015, àwọn ló ń pariwo pé amí ni, pé ó ń ṣe àtúnṣe láìgbàṣẹ. Microsoft sin ín ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, àwọn kan náà sì gbé aṣọ ọ̀fọ̀ wọ̀, pé kò sí irú ẹ̀ mọ́ láyé. Ẹ bá mi kọ orúkọ wọn sílẹ̀: lọ́jọ́ tí Windows 11 bá kú, àwọn tó ń bú u lónìí ni yóò ṣíwájú òkú.