Iye Pokémon kọ́ ni ìṣòro Smash

Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ Super Smash Bros., géèmù ìjà Nintendo tó kó àwọn ẹ̀dá inú oríṣiríṣi géèmù jọ, bá ti délẹ̀, ẹnìkan á ṣáà sọ pé àwọn ẹ̀dá tó wá láti inú géèmù Pokémon ti pọ̀ jù níbẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n pọ̀. Nínú Smash Ultimate, tó jáde fún ẹ̀rọ géèmù Switch ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, mẹ́wàá ni wọ́n: Pikachu, Jigglypuff, Pichu, Mewtwo, Squirtle, Ivysaur, Charizard, Lucario, Greninja àti Incineroar. Àmọ́ ní tèmi o, iye wọn kọ́ ló yẹ ká máa jà lé lórí. Ohun tó yẹ ká wò ni bóyá Pokémon tó wọlé mú ìwà rẹ̀ láti ilé wá, àbí àwọ̀ àti orúkọ nìkan ló gbé wá.

Nílé wọn, ìyẹn nínú géèmù Pokémon fúnra rẹ̀, ìjà kì í ṣe wàdùwàdù. Ìwọ á yan ohun tí tìrẹ máa ṣe, ẹnìkejì á yan tirẹ̀, iná ń borí koríko, omi ń borí iná. Ní Smash, ẹnìkan kì í dúró de ẹnìkan. Bí wọ́n ṣe ń lù ọ́ ni iye ìpalára rẹ ń gòkè, bó sì ṣe ń gòkè ni ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo á máa gbé ọ jìnnà sí i, títí wàá fi já kúrò lórí pèpéle. Láti mú ẹ̀dá inú ti àkọ́kọ́ wọ inú ti ìkejì kó má sì sọ ara rẹ̀ nù, iṣẹ́ ńlá ni, Masahiro Sakurai tó ń darí géèmù náà sì ti ṣe é lọ́nà tó wú mi lórí gan-an.

Ẹ wo Jigglypuff. Nínú Smash àkọ́kọ́, ti ẹ̀rọ Nintendo 64 ní 1999, oníjà méjìlá péré ló wà, Jigglypuff sì wà lára àwọn mẹ́rin tí wọ́n fi pamọ́. Ara rẹ̀ tó rí róbótó bíi ti Kirby, oníjà mìíràn nínú Smash, wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n mú un, torí ó rọrùn láti fi ara Kirby ṣe é. Ìdí kékeré nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi í ṣe. Nílé, Rest jẹ́ ọ̀nà ìwòsàn: Pokémon á sùn, ara rẹ̀ á yá. Ní Smash, oorun yẹn di ohun ìjà. Tí Jigglypuff bá sùn ní ìṣẹ́jú àáyá tí ara rẹ̀ kan ti ọ̀tá gan-an, ọ̀tá yẹn á fò lọ. Tí kò bá bá a, á wà níbẹ̀ tí á máa sùn, ẹni tó bá sì wù ú á wá lù ú bó ṣe fẹ́. Ó fúyẹ́ débi pé tí ààbò rẹ̀ bá fọ́, á fò sókè tààrà, ó tán nìyẹn. Ewu ni gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo èyí, Juan DeBiedma, tí ayé Smash mọ̀ sí Hungrybox, fi Jigglypuff gba ipò kìíní nínú Melee, ìyẹn Smash kejì, ní Evo 2016, ìdíje ńlá fún géèmù ìjà, ní Las Vegas, nígbà tí géèmù tó jáde ní 2001 yẹn ti ń lọ sí ọdún 15. Àwọn kan ń bínú pé ó máa ń sá sẹ́yìn jù, pé ó máa ń sú àwọn tó ń wòran. Ẹni tí ara rẹ̀ fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kí ni kó ṣe? Kó dúró kí wọ́n pa á?

Pichu náà nìyẹn. Ọmọdé ni, kò tíì mọ bí a ṣe ń ṣàkóso mànàmáná ara rẹ̀, nítorí náà bó bá fi lu ẹlòmíràn, á dun òun náà. Nílé ló ti rí bẹ́ẹ̀.

Ibi tó dùn mí ni ọ̀rọ̀ Pokémon Trainer, ọmọ tó ń darí àwọn Pokémon. Nínú Brawl, Smash tó jáde ní 2008, ọmọ náà á dúró lẹ́yìn, kò ní fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, Squirtle, Ivysaur àti Charizard ni á máa jà fún un. Tí o bá lo ọ̀kan pẹ́ jù, á rẹ̀ ẹ́, agbára rẹ̀ á dínkù. Iná sì máa ń dun Ivysaur ju bó ṣe ń dun àwọn yòókù lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá a kò fẹ́ràn rẹ̀, torí ẹni tó mọ Charizard nìkan lò máa jìyà. Ultimate wá yọ àárẹ̀ yẹn kúrò, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ ti iná, omi àti koríko mọ́ ọn. Ìyẹn ò yẹ! Ohun tó sọ Pokémon di Pokémon gan-an ni wọ́n yọ.

Ẹ̀sùn kejì ni pé ìpolówó lásán ni wọ́n fi ń mú wọn. Greninja wọ Smash ní 2014 lẹ́yìn tí géèmù Pokémon X àti Y jáde ní 2013, kódà àwòrán rẹ̀ ni Sakurai fi yàn án kí ayé tó rí i. Incineroar tó ti inú Pokémon Sun àti Moon ti 2016 wá náà dé ní 2018. Ó jọ ìpolówó lóòótọ́. Síbẹ̀, Incineroar ń jà bí oníjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n: á ju èèyàn lu okùn, á gbá a mú nígbà tó bá ń bọ̀, á wá yangàn fún àwọn èrò ìwòran. Kò sẹ́lòmíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú géèmù yẹn.

Nítorí náà, tí wọ́n bá tún fẹ́ mú òmíràn, kí wọ́n má wo èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Gengar ni mo fẹ́. Láti 1996 ló ti wà, ó sì ti jà nínú Pokkén Tournament, géèmù ìjà Pokémon, kò ṣàjèèjì sí ẹ̀ṣẹ́. Iwin ni. Nílé, ó lè lo Destiny Bond, pé ẹni tó bá pa á, àwọn méjèèjì ló jọ ń lọ. Ẹ fojú inú wo ìyẹn létí pèpéle Smash, tí o ti gbá Gengar jáde, tó sì fa ìwọ náà mọ́ra bó ṣe ń jábọ́.