Iná Bàbá Àgbà àti Iná Etí Òkun

Láti ìgbà tí mo ti dé láti Amẹ́ríkà ni àwọn ènìyàn ti ń bi mí pé kí ni mo rí lọ́hùn-ún. Iná ni mo máa ń dá wọn lóhùn, ó sì máa ń yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ti rò pé ọ̀rọ̀ New York àti ọjà ńláńlá ni n ó máa sọ. Àmọ́ iná méjì tí mo rí lórí erékùṣù kékeré kan kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. N ó sọ ìdí rẹ̀, torí ó kan ilé wa ní Ọ̀fà.

Block Island ni orúkọ erékùṣù náà, ní ìpínlẹ̀ Rhode Island. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Providence ló mú mi lọ. Láti Point Judith, a lo nǹkan bíi wákàtí kan nínú ọkọ̀ ojú omi kí a tó gúnlẹ̀. Àwọn onílé ibẹ̀ kò pọ̀: nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2020, 1,410 péré ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ìgbà ooru bá ti dé, àwọn tó wá gbafẹ́ á kún ibẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n á háyà kẹ̀kẹ́, wọ́n á máa gùn ún kiri. Etíkun ni ọ̀pọ̀ wọn ń bá lọ. Èmi ní kí àbúrò mi mú mi lọ síbi ilé iná.

Ẹni tó dàgbà sí Ìlọrin tàbí Ọ̀fà lè má rí irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Ilé gogoro ni wọ́n máa ń kọ́ sétí òkun, wọ́n á gbé fìtílà ńlá sórí rẹ̀, kí àwọn tó ń tukọ̀ lóru lè mọ ibi tí àpáta àti ilẹ̀ wà, kí ọkọ̀ wọn má baà forí sọ ọ́. Mo ti rò pé iná ràgàjì kan ni yóò máa jó nínú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọgbọ́n dígí ni. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Augustin Fresnel, ló dá ọgbọ́n náà ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn. Ó gé dígí ní òrùka òrùka, ó tò ó yí fìtílà ká, tó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tí ì bá fọ́n sókè sódò á tẹ̀ wá, gbogbo rẹ̀ á gba ojú kan jáde lọ sórí omi. Bí iná ṣe kéré tó, ẹni tó jìnnà réré á rí i. Dígí tí mo rí lórí ilé yẹn ga jù mí lọ. Mo dúró tì í, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Iná kọ̀ọ̀kan tún ní ìṣe tirẹ̀. Òmíràn ń ṣẹ́jú, òmíràn tàn kalẹ̀. Òmíràn funfun, òmíràn pupa. Bí atukọ̀ bá ti rí bí ó ṣe ń ṣe, ó ti mọ ibi tó dé. Oríkì ni mo pè é nínú ara mi. Bí o bá gbọ́ "Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ọlálọmí", ta ni yóò tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wí fún ọ pé ọmọ Ọ̀fà ni wọ́n ń kì? Ilé iná tó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn erékùṣù náà, tí wọ́n ń pè ní Southeast Light, àwọ̀ ewé ni iná tirẹ̀. A sùn síbẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí mo rí àwọ̀ ewé yẹn tó ń ṣẹ́jú sí òkun, omi bọ́ lójú mi.

Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá tó bí bàbá mi. Ẹ rántí pé ní 1908 ni ojú irin dé Ìlọrin, Ọ̀fà ló sì gbà kọjá. Iná ni iṣẹ́ Bàbá níbẹ̀. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á bu karosíìnì sínú àtùpà, wọ́n á gé òwú rẹ̀ kó dọ́gba, wọ́n á nu dígí rẹ̀, wọ́n á wá gun àkàbà irin lọ gbé e kọ́ sára òpó sígínà. Bí iná bá pupa, kí ọkọ̀ dúró. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ọ̀nà mọ́, kó máa bọ̀. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì kí n tó gbọ́njú, síbẹ̀ mo mọ̀ pé àtùpà mẹ́ta wà ní iyàrá wọn, wọn kì í sì í jẹ́ kí eruku bà lé e. Bí a bá fọwọ́ kàn án, wọ́n á ní, "Ẹ rọra o, ẹ̀mí ènìyàn ló wà lára nǹkan yẹn."

Ẹ padà bá mi lọ sí erékùṣù. Bíríkì pupa ni wọ́n fi kọ́ Southeast Light, wọ́n tan iná rẹ̀ ní 1875. Orí òkè kan tó ga fíofío ló wà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ni òkun. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 300 ló wà láàárín òun àti etí òkè náà. Òkun ń jẹ òkè yẹn díẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1990, ẹsẹ̀ bàtà 55 ló kù. Wọ́n pa iná rẹ̀ lọ́dún náà.

Àwọn ará ibẹ̀ kò gbà. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n ń tọrọ owó kiri, wọ́n ń bẹ ìjọba. Ní oṣù kẹjọ 1993, wọ́n fi jáàkì gbé odindi ilé náà, gbogbo tọ́ọ̀nù 2,000 rẹ̀, wọ́n ń tì í díẹ̀ díẹ̀ lórí irin títí tó fi jìnnà sí etí ọ̀gbun. Ní 1994 wọ́n tún tan iná rẹ̀. Ẹni tó mú wa gun òkè ilé náà ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìtàn ilé bàbá rẹ̀.

Èkejì, North Light, òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ ní 1867. Òun ni ẹ̀kẹrin tí wọ́n kọ́ sí ìhà ibẹ̀. Ti 1829 ni àkọ́kọ́. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í dé ìdí rẹ̀, ẹsẹ̀ la fi rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́ títí a fi débẹ̀. Ẹsẹ̀ dùn mí, mi ò kábàámọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé owó wà lọ́wọ́ wọn, àwa kò ní. Owó ìjọba wọ ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde. Ìlú tí kò tó àdúgbò kan ní Ìlọrin ni! Kí ni wọ́n sì fẹ́ fi ilé iná ṣe ní ayé tí ọkọ̀ ojú omi ti ń fi ẹ̀rọ mọ ọ̀nà? Wọ́n mọ ẹni tí ó gbà là, wọn kò fẹ́ kí ọmọ wọn gbàgbé. Ó tán.

Àwa náà ní tiwa. Ní Ẹ̀sìẹ́, ère òkúta tó lé ní 1,000 ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí, ní 1945. Òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin, tí Ìlọrin fi gba orúkọ, Ìdí-Àpé ló wà. Ìlọrin ni mo ti kàwé láti kékeré, ilé ìwé wa kò mú wa lọ wo òkúta yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún 31 ni mí kí n tó fọwọ́ kàn án. Ó dùn mí gan-an.

Èyí tó dùn mí jù, ilé wa ló ti ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn tí Bàbá kú, wọ́n ta àtùpà méjì nínú mẹ́ta yẹn fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ojú mi ni wọ́n ṣe é. Mi ò sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sí Ọ̀fà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló tọ́jú ẹ̀kẹta sínú àpótí aṣọ wọn. Dígí pupa rẹ̀ ti sán, ti àwọ̀ ewé ṣì dá ṣáká. Mo ra òwú àti karosíìnì, mo tan án lójú wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dákẹ́, wọ́n ń wò ó. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Báyìí ló ṣe máa ń rí láti ojú fèrèsé wa."

Ẹ̀yin tí bàbá yín tàbí bàbá àgbà yín ṣiṣẹ́ ojú irin, láti Ọ̀fà títí dé Ìlọrin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ wọn àti iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Bí àtùpà, fèrè, fìlà tàbí fọ́tò bá wà nílé, ẹ má tà á. Ẹ kàn sí mi, n ó wá wò ó, n ó sì kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀.