Ta Ló Di Fóònù Mú?

Ẹ kú làálàá, ẹ kú ìnáwó ẹsẹ̀, ẹ̀yin tọkọtaya orí òkè. Ìgbéyàwó yín pé ọdún márùn-ún, ẹ kò pe èrò, ẹ kò lu ìlù, ẹ ní ìfẹ́ tiyín kò gba ariwo. Ẹ wọ ẹ̀wù aláwọ̀ kan náà, ẹ gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, ẹ wá òkè lọ, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ti ní tó yín. Gbogbo àwa tí a ń wò yín láti àárọ̀ ń kí yín o.

Nínú fídíò tí ẹ ń gbé sórí ayélujára, ẹ̀yìn yín la máa ń rí. Ọwọ́ nínú ọwọ́, kùrukùru níwájú, ẹ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ kò bojú wẹ̀yìn, bí ẹni tó ti bá ayé parí ẹjọ́. Nísàlẹ̀ rẹ̀ lẹ máa ń kọ ọ́ sí pé: "Èmi àti ìwọ nìkan." Ó dùn ún wò. Mo ti wò ó títí omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú mi. Ìbéèrè kan ni kò jẹ́ kó bọ́: bó bá jẹ́ ẹ̀yin méjì nìkan lẹ wà níbẹ̀, ta ló di fóònù mú?

Oṣù tó kọjá ni mo rí ìdáhùn, orúnkún mi ló sì jìyà rẹ̀.

Dókítà tó ń tọ́jú orúnkún yìí ló ní kí n máa rìn, kí n sì máa gun ibi tó bá dagun díẹ̀díẹ̀. Ọmọdé ni dókítà náà. Orúnkún tirẹ̀ ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Mo ra bàtà, mo ra akẹtẹ̀ tuntun kan tó fẹ̀ létí, aláwọ̀ ewé, tó bá mi mu gan-an, mo sì forí lé òkè. Ibi tí ọ̀nà ti há, tí àpáta wà lọ́tùn-ún, tí ọ̀gbun wà lósì, ni mo ti bá tọkọtaya kan. Ọkùnrin náà wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní háà, ẹ wá wo ọkọ rere, ó tún ń tọrọ ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Kò tọrọ nǹkan kan. Fóònù ló ń gbé ti òkúta. Ó fi ike omi tì í lápá kan, ó fi òkúta wẹ́wẹ́ há a lẹ́yìn. Òkúta yẹn tóbi jù, fóònù ń wo ilẹ̀. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ìyẹn kéré jù, fóònù ń wo sánmà. Ó wá jókòó, ó tú bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kan, ó ká a rúgúdú, ó fi há a. Ìbọ̀sẹ̀ ló ṣe é. Bí ẹ bá rí fídíò náà, ẹ fi sọ́kàn pé ẹsẹ̀ òsì ọkùnrin yẹn kò ní ìbọ̀sẹ̀.

Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, ó fò dìde, ó sáré bí ẹni tí oyin ń lé, ó bá ìyàwó rẹ̀, ó gba ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni eré parí. Ó tú ejìká ká, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni tí kò kánjú rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Wọ́n rin ìṣísẹ̀ 40. Mo kà á. Iṣẹ́ wo ni mo tún ní níbẹ̀? Wọ́n dé kọ́nà, ọkùnrin náà sáré padà wá gbé fóònù, ìyàwó tẹ̀lé e kó lè wò ó. Wọ́n forí pọ̀ wò ó. Ìyàwó ní, "Olówó orí mi, ẹ ti yára jù. Ẹ dà bí ẹni tó ń fà mí lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá." Wọ́n tún un ṣe. Fóònù ṣubú. Wọ́n tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Ìṣísẹ̀ 40 ní àlọ, 40 ní àbọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta: 240 nìyẹn. Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n ti dáwọ́ dúró, tí wọ́n wá rìn ín ní tòótọ́, 40 mìíràn nìyẹn. Ìṣísẹ̀ 280 lórí ọ̀nà tí kò ju 40 lọ! Ìlọ́po méje! Bí èèyàn bá fi irú ìrìn yìí gun Kilimanjaro, òkè kan ní Tanzania, tó fi mítà 5,895 ga ju ojú òkun lọ, tó bẹ̀rẹ̀ láti etí òkun, yóò ti lọ sókè sódò ní mítà 41,265 kó tó débẹ̀. Everest fúnra rẹ̀, òkè tó ga jù láyé, kò ju mítà 8,849 lọ. Ìyẹn ni pé wọ́n ti kó Everest mẹ́rin jẹ, ìdajì ìkarùn-ún ti wọlé, òkè kan ṣoṣo ni wọ́n sì gùn. Ní 1892, William Naismith, ará Scotland, fi ìṣirò ìrìn orí òkè lélẹ̀: wákàtí kan fún máìlì mẹ́ta, kí a fi wákàtí kan lé e fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 2,000 tí a bá gùn. Àwọn agùnkè ṣì ń lò ó dòní. Naismith kò ṣírò ìbọ̀sẹ̀ mọ́ ọn.

Ìfẹ́ lágbára, ẹ má fi ṣeré.

Níbi tí wọ́n ti ń forí pọ̀ wo ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ní kí n rọra kọjá. Ìyàwó ló kọ́kọ́ rí mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ má tíì kọjá. Ẹ fẹ́ wọnú fídíò wa." Ó kúnlẹ̀ sọ ọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gba ẹ̀kọ́ ni. "Ẹ kàn bá wa wà lẹ́yìn òkúta yẹn díẹ̀, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù." Ẹ wá wo èmi, ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, bí mo ṣe ba búrúbúrú sẹ́yìn òkúta bí olè, lórí orúnkún tí dókítà ní kí n má fi lóṣòó, kí "èmi àti ìwọ nìkan" tiwọn má baà bàjẹ́. Ọwọ́ mi ni ìdánìkanwà wọn wà. Bí mo bá húkọ́ pẹ́rẹ́, wọ́n ti di mẹ́ta.

Ẹ̀yìn òkúta yẹn ni mo ti rántí Edmund Hillary. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1953, òun àti Tenzing Norgay dé ṣóńṣó Everest, àwọn sì ni aráyé mọ̀ pé ó kọ́kọ́ débẹ̀ tó padà bọ̀. Ìṣẹ́jú bíi 15 ni wọ́n lò lókè. Hillary ya Tenzing ní fọ́tò, tòun ti àáké yìnyín tó gbé sókè, àsíá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ̀. Ẹ wá fọ́tò Hillary fúnra rẹ̀ lórí ṣóńṣó yẹn títí, ẹ kò ní rí i, torí kò sí. Ó gun òkè tó ga jù láyé, ó sọ̀kalẹ̀, kò ní fọ́tò ara rẹ̀ kan lọ́wọ́, a sì gbà á gbọ́. Ká ní tọkọtaya tiwa ni, wọn ì bá ti ní kí Tenzing sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ kó tún máa bọ̀, torí oòrùn kò bọ́ síbi tó yẹ.

Ẹ má rò pé mo kórìíra ìfẹ́ orí òkè. Ní 2005, ọkùnrin kan àti obìnrin kan láti Nepal so yìgì lórí Everest gan-an, níbi tí ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó wà létí òkun. Àwọn yẹn, mo ṣí akẹtẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá lè sọ "bẹ́ẹ̀ ni" níbi tí èémí kò ti tó mí, ó dá a lójú.

Ṣùgbọ́n àwọn tiwa yìí! Àwọn tó lówó dé Kilimanjaro ló tún wá ń pa mí lẹ́rìn-ín. Òfin ibẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni gùn ún láìsí afinimọ̀nà. Lẹ́yìn afinimọ̀nà, alásè ń bẹ, alágbàárù ń bẹ, ẹrù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń rù sì lè tó kílò 20. Ẹnì kan gbé àgọ́, ẹnì kan gbé ìkòkò, ẹnì kan gbé àga tí ẹ máa jókòó lé. "Èmi àti ìwọ nìkan." Àwọn wọ̀nyẹn ńkọ́, ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n ni? Ẹni tó ru ẹrù yín kọjá yín lójú ọ̀nà, tó ti pàgọ́, tó ti gbé omi kaná kí ẹ tó mí hẹlẹ dé, ẹ ní kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má ba fọ́tò jẹ́. Mo mọ bó ṣe ń rí lára. Mo ti wà lẹ́yìn òkúta rí.

Ti aṣọ, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Bí a bá ṣe ń fi 1,000 mítà gòkè, ojú ọjọ́ máa ń fi bíi dígírì 6.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius tutù sí i. Wọ́n mọ̀. Aṣọ òtútù wà nínú àpò. Wọn kò wọ̀ ọ́, torí yóò bo ẹ̀wù aláwọ̀ kan náà mọ́lẹ̀, eyín wọn sì ń gbá ara wọn gbàgàgbàgà. Ẹni tó bá sì kọjá bíi mítà 2,500, tí orí ń fọ́ ọ, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí èébì ń gbé e, kó má kọ ọ́ pé ìfẹ́ ló ń pa òun bí ọtí. Òkè ló ń ṣe é. Kó sọ̀kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìsọ̀kalẹ̀ yẹn gan-an ló ká mi lára. "Ìgbéyàwó dà bí òkè, bí a bá ṣe ń gùn ún là ń rí ẹwà rẹ̀." Mo ti ka èyí lábẹ́ fọ́tò débi pé mo lè kà á lójú oorun. Ó dáa. Ṣé orí òkè lẹ máa sùn? Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje 1865, ènìyàn méje ló kọ́kọ́ dé orí Matterhorn, ní ààlà Switzerland àti Ítálì. Mẹ́rin nínú wọn kò padà sílé. Wọ́n ti débẹ̀ o, wọ́n ti yọ̀, wọ́n ti wo ayé nísàlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ ni ẹsẹ̀ ẹnì kan yọ̀, tí okùn sì já.

Fídíò ìsọ̀kalẹ̀ dà? Ẹ fi ọ̀kan hàn mí! Ìsọ̀kalẹ̀ ni itan máa ń gbọ̀n. Ìsọ̀kalẹ̀ ni ọmọ ìka ẹsẹ̀ máa ń kan imú bàtà títí èékánná á fi dúdú. Ìsọ̀kalẹ̀ ni omi máa ń tán nínú ike, tí ọkọ á ní ọ̀tún ni ọ̀nà, tí ìyàwó á ní òun ti sọ ọ́ láti àárọ̀ pé òsì ni, tí ẹnì kan á wá fi ìgbéraga jókòó sórí gbòǹgbò igi, tí kò ní dìde. Ibẹ̀ ni ìgbéyàwó wà, ẹ̀yin aláfiwé! Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bọ́ ìbọ̀sẹ̀!

Bàbá mi àti ìyá mi rìn pọ̀ láyé wọn. Bàbá á ti fi bí 50 ìṣísẹ̀ ṣíwájú, ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn, kò ní wẹ̀yìn. Ìyá mi á máa sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn, bàbá á máa dáhùn láti iwájú, gbogbo ọ̀nà á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé wa. Bàbá á sì kọ́kọ́ délé, á dúró síwájú ilẹ̀kùn bí àlejò, torí ọwọ́ ìyá mi ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà. N kò rántí ọjọ́ kan tó gba kọ́kọ́rọ́ yẹn kó tó ṣíwájú.

Èmi náà gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ìgbéyàwó wa pé ọdún 15, mo ní kí èmi àti ìyàwó mi jọ nasẹ̀ lọ síbi tó jìnnà díẹ̀. A ṣìnà. Mo ní ibi báyìí ni, ó ní ibi báyìí kọ́. A jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi ni mo jàre. Títí di òní, obìnrin náà kò gbà, n kò sì ní fídíò tí mo lè fi jẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn òkúta. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí wọ́n ní ó kù di ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, orúnkún mi kọ̀ jálẹ̀, ó dún kọ́ọ́, mo dìde kí n tó mọ̀ pé mo ti dìde. Wọn kò wẹ̀yìn. Wọn kì í wẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n kó ìbọ̀sẹ̀ àti ike omi wọn tán, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an, wọ́n ní kí n máa gun òkè fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Mo ní àmín. Mo sọ̀kalẹ̀ láti ibẹ̀, n kò gun ìyókù mọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi, ó kọ ẹ̀rín lóríṣiríṣi sí i. Ọwọ́ nínú ọwọ́, kùrukùru níwájú. "Èmi àti ìwọ nìkan, ọdún márùn-ún." Orin rọra ń dún lábẹ́ rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú-àáyá 19, lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, akẹtẹ̀ aláwọ̀ ewé kan yọ láti ẹ̀yìn òkúta, arúgbó kan wà lábẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ di orúnkún mú, ó la ẹnu kalẹ̀. Ẹni 200 ó lé ló ti bèèrè nísàlẹ̀ pé ta ni bàbá yẹn.

Mo gbé e fún ìyàwó mi kó bá mi bínú sí wọn. Ó gba fóònù, ó wò ó, ó dá a padà, ó tún wò ó. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Mo sọ fún yín níjọ́sí," ó ní, "pé akẹtẹ̀ yìí kò bá yín mu."