Èsì wa fún ẹ̀gbọ́n tó ní dráìfù dífídì wa ò ka sídì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tẹ́ ẹ kọ ọ́ síta. Ìràwọ̀ méjì tẹ́ ẹ fún wa ò dùn mọ́ mi o, àmọ́ ó yé mi, ẹ ní dráìfù tẹ́ ẹ rà, ẹ̀rọ tó ń ka àwo yẹn, ń ka dífídì fíìmù dáadáa ṣùgbọ́n sídì mẹ́ta tí fọ́tò ìgbéyàwó yín wà nínú ẹ̀, kò ka ọ̀kankan, ẹ wá tú ìdérí ẹ̀, ẹ yọjú wo léṣà, iná tín-ín-rín tó ń ka àwo, ẹ ò rí iná pupa kankan, lẹ bá ní léṣà ti kú, pé òkú ọjà la tà fún yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọjú wo léṣà yẹn mọ́. Ìyẹn ló ká mi lára jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ. Iná tó ń ka sídì, 780 nánómítà ni ìgbì ẹ̀ gùn (nánómítà ni wọ́n fi ń wọn ìgbì iná, òun ló ń sọ àwọ̀ tí iná máa ní), ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé fojú rí rárá, ojú ò sì ní mọ̀ pé nǹkan ń wọlé débi tó máa ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ó lè ba ojú jẹ́. Ti dífídì ló pupa, 650 nánómítà. Torí náà, pé ẹ ò rí iná ò sọ pé kò sí iná níbẹ̀.

Léṣà méjì ló wà nínú dráìfù yẹn ẹ̀gbọ́n, lẹ́ǹsì kan náà ni wọ́n jọ ń gbà jáde, ọ̀kan lè dákẹ́ kí ìkejì máa ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí náà. Sídì orin tí wọ́n tẹ̀ nílé iṣẹ́, kòtò kéékèèké ló wà nínú ẹ̀, iná á lọ, á padà, tó bá kan etí kòtò, iná tó ń padà á yí, ibi tó ti yí yẹn ni dráìfù ń kà sí 1, ibi tí ò bá ti yí, 0 ni, nọ́ńbà méjì yẹn ni wọ́n fi kọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀. Sídì téèyàn fi kọ̀ǹpútà kọ nílé bíi tiyín, kòtò kọ́, oje aláwọ̀ kan ni wọ́n kùn sínú ẹ̀, léṣà tó kọ ọ́ ló jó o láwọn ojú ibì kan. Iná 780 ni wọ́n ṣe oje yẹn fún, 650 ò rí i kà dáadáa, ìdí tí wọ́n fi fi léṣà kejì sí dráìfù dífídì nìyẹn. Oje yẹn sì máa ń ṣá tí oòrùn bá ń pa á, ẹ̀yin náà kọ ọ́ pé láti 2006 ni wọ́n ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ẹ bá mi dán an wò. Ẹ fi sídì orin ilé iṣẹ́ sí i, èyí tí abẹ́ ẹ̀ ń dán bíi fàdákà, lẹ́yìn náà ẹ wá sídì míì tí wọ́n kọ nílé tó ń ṣiṣẹ́ níbòmíì, ẹ fi òun náà sí i, torí àwọn yẹn ṣòro kà ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Tó bá ka méjèèjì, léṣà wa ò kú. Tó bá kọ ọ̀kan nínú ẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀bi wa ni, ẹ dá a padà, a ó fún yín ní tuntun, owó fífi ránṣẹ́ àlọ àtàbọ̀ wà lọ́rùn wa.

Ẹ tún gbé sídì yín sójú iná, tẹ́ ẹ bá rí ihò tínńtín tí iná ń gbà kọjá, apá òkè tẹ́ ẹ kọ orúkọ sí ló ti bó, ìpele tó ń dán bíi fàdákà, tó ń dá iná padà, wà lábẹ́ orúkọ yẹn gan-an, ìsàlẹ̀ ni ike ẹ̀ ti nípọn, 1.2 mílímítà. Nínù tẹ́ ẹ ní ẹ ń nù ún yípo yẹn, ẹ dá a dúró, láti ihò àárín lọ sí etí ni kẹ́ ẹ máa nù ún, torí dráìfù lè tún ibi tó bàjẹ́ ṣe tí ò bá ju bíi 2.5 mílímítà lọ lójú ọ̀nà tí léṣà ń tọ̀, àmọ́ tí ìlà tí nínù yípo fà bá lọ gbọọrọ lójú ọ̀nà yẹn, apá ẹ̀ ò ní ká a.

Ẹ má tíì ju ọ̀kankan nù o. Dráìfù ò rí bákan náà, èyí tí tiwa ò kà, òmíì lè kà á, ọjọ́ tó bá sì ṣí, ẹ kó àwọn fọ́tò yẹn síbi méjì kẹ́ ẹ tó yọ ọ́.