Gígé fọ́tò máa ń dín in kù

Ọ̀rọ̀ kan ń káàkiri lórí WhatsApp pé kò pọn dandan kéèyàn sún mọ́ ohun tó fẹ́ yà: ẹ dúró lókèèrè, ẹ gé fọ́tò náà tó bá yá, kò ní dín kù, ẹ sì lè tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe wù kó tóbi tó. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Fọ́tò fóònù tó jẹ́ 4000 × 3000 ní píksẹ́lì (àwọn ẹyọ àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) mílíọ̀nù 12. Ẹ gé ìdajì ìbú àti ìdajì gíga rẹ̀ kúrò, 2000 × 1500 ló kù: mílíọ̀nù 3 péré. Ní píksẹ́lì 300 sí ínǹṣì kan, odidi rẹ̀ á fẹ̀ tó ínǹṣì 13. Èyí tí ẹ gé kò tó 7. Ẹ fẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú èèyàn inú rẹ̀ á dàrú. Fífi ìka méjì fa àwòrán súnmọ́ kò yàtọ̀ púpọ̀, àfi tí fóònù bá ní lẹ́ńsì ìsúnmọ́ gan-an. Gígé náà ni fóònù ń gé e.

Ewu mìíràn wà tí wọn kì í sọ. Ìbú sí gíga fọ́tò fóònù sábà máa ń jẹ́ 4:3, ti bébà fọ́tò oní-ínǹṣì 6 × 4 jẹ́ 3:2, nítorí náà wọ́n á gé e kó lè kún bébà. Tí ẹ bá yà á ní ìbú, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án gíga rẹ̀ máa lọ, gèlè ló sì sábà máa ń bá a lọ. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè orí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín: nínú Google Photos, ẹ ṣí fọ́tò, ẹ fà á sókè, ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀ ṣáájú gígé àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.